Conques, Saint-Cirq-Lapopie àbí Saint-Guilhem: abúlé Faransé wo lẹ máa sùn sí?

Ẹni tí ariwo Párísì ti sú, tó ní òun ń wá abúlé àtijọ́ tó dákẹ́, tí igbó àti odò yí ká, orúkọ mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń kó fún un: Conques, Saint-Cirq-Lapopie, Saint-Guilhem-le-Désert. Gúúsù Faransé ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì wà nínú Les Plus Beaux Villages de France, ẹgbẹ́ àwọn abúlé tó rẹwà jù tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1982, tí kì í gba ìlú tí èrò ibẹ̀ bá ti ju 2,000 lọ. Nínú fọ́tò, wọ́n jọra gan-an, òkúta, òrùlé, òdòdó lójú fèrèsé, òkè lẹ́yìn. Ìgbà tẹ́ ẹ bá débẹ̀ lẹ ó tó mọ̀ pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ẹni tí ọ̀kan bá lára mu, òmíì lè sú u kó tó di ọ̀sán.

Kí n yáa tètè sọ èyí tó jẹ mí lógún jù. Kò sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó dákẹ́ lọ́sàn-án, pàápàá lóṣù keje àti oṣù kẹjọ. Mọ́tò á kún páàkì, àwọn tó bá bọ́ọ̀sì wá á ya wọlé, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ra áísìkiriìmù, wọ́n á tún ya lọ. Ìdákẹ́jẹ́ tẹ́ ẹ torí ẹ̀ náwó wá, láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀ kùtù ló wà, ẹni tó bá sùn síbẹ̀ nìkan ló sì máa rí i. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe ní fi wọ́n wéra bíi pé ẹ kàn fẹ́ yà síbẹ̀ wákàtí méjì, èwo ló yẹ kẹ́ ẹ sùn sí ni ìbéèrè tèmi.

Ọ̀nà ná

Ẹ kọ́kọ́ wo èyí o, torí òun ló ń yan abúlé fún ọ̀pọ̀ èèyàn kí wọ́n tó mọ̀. Ẹni tí kò ní wa mọ́tò, Saint-Guilhem ló rọrùn jù fún un. TGV, réluwè tó ń sáré jù, láti Párísì dé Montpellier jẹ́ bíi wákàtí mẹ́ta ààbọ̀, láti Montpellier dé abúlé náà ò ju bíi kìlómítà 40 lọ, bọ́ọ̀sì wà tó ń gba Gignac lọ, àmọ́ kì í pọ̀ lójúmọ́, ẹ yẹ aago ẹ̀ wò dáadáa kẹ́ ẹ tó jáde kó má lọ di pé ọ̀sán pọ́n yín síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wa mọ́tò wá nígbà ooru, ẹ má bá ara yín jà pé ẹ fẹ́ wa á wọ inú abúlé, ẹ páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Pont du Diable, bọ́ọ̀sì kékeré kan wà tó ń gbé èèyàn láti ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Saint-Cirq-Lapopie ló tẹ̀ lé e. Réluwè tó ń ti Párísì lọ Toulouse máa ń dúró ní Cahors, ó máa gbà yín ní wákàtí márùn-ún ó lé, lẹ́yìn náà ẹ ó wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ Figeac, yóò já yín sí Tour-de-Faure nísàlẹ̀, ẹ ó sọdá odò Lot, ẹ ó wá fẹsẹ̀ gun òkè. Òkè yẹn kì í ṣe kékeré o, ẹni tó bá gbé báàgì onítáyà lọ, ó máa kábàámọ̀.

Conques ló jìnnà jù. Rodez ni ìlú ńlá tó sún mọ́ ọn, réluwè wà láti Toulouse dé Rodez, ṣùgbọ́n láti Rodez ó tún ku bíi kìlómítà 40 lójú ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ láàárín òkè, bọ́ọ̀sì ibẹ̀ ò sì ṣe é gbọ́kàn lé. Ẹ háyà mọ́tò, tàbí kẹ́ ẹ bá onítakisí Rodez sọ̀rọ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé. Bó ṣe jìnnà yẹn náà ló sì gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ èrò, mo máa padà sórí ìyẹn.

Ti físà ò gba àlàyé púpọ̀: ẹni tó ní páásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà nílò físà Schengen, kódà bó bá ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, ìwé ìgbélùú UK ò dípò ẹ̀.

Ìtàn: Conques ló lékè

Ní ti ìtàn tèèyàn lè fojú rí, tó lè dúró tì, Conques fi ọ̀nà jíjìn ju àwọn yòókù. Ilé ibẹ̀ ò pọ̀, ara òkè ni wọ́n tò wọ́n sí níbi tí odò Ouche ti wọ inú Dourdou, òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n fi bo òrùlé wọn, láàárín wọn wá ni ṣọ́ọ̀ṣì Sainte-Foy dúró, ó tóbi débi pé ẹ máa ronú pé ta ló ń jókòó sínú ẹ̀. Kì í kúkú ṣe torí ará abúlé nìkan ni wọ́n ṣe kọ́ ọ ní bíi ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, torí àwọn arìnrìn-àjò ìsìn tó ń fẹsẹ̀ rìn láti Le Puy-en-Velay lọ sí Santiago de Compostela ní Spéènì ni, ojú ọ̀nà wọn ni Conques wà, ojú ọ̀nà wọn náà ló ṣì wà dòní. Ohun tó ń fà wọ́n ni egungun Sainte Foy, ọmọdébìnrin kan tí wọ́n pa ní Agen nígbà ìjọba Róòmù torí pé ó kọ̀ láti bọ òrìṣà wọn. Mọ́ńkì Conques kan ló lọ jí egungun náà gbé ní Agen, ní nǹkan bí ọdún 866. Bẹ́ẹ̀ ni, jíjí ni wọ́n jí i, wọn kì í sì í fi bò fún àlejò.

Ère ẹ̀ wà nínú ilé ìṣúra lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má torí owó tíkẹ́ẹ̀tì fò ó. Igi ni inú ẹ̀, wúrà ló bò ó, òkúta iyebíye tí àwọn èrò ń gbé wá láti ayébáyé ló kún ara ẹ̀, ó jókòó sórí ìtẹ́, ó gbójú sókè. Ọ̀mọ̀wé kan, Bernard ti Angers, débẹ̀ lọ́dún 1013, ó kọ́kọ́ rò pé òrìṣà làwọn èèyàn yìí ń bọ, nígbà tó yá ó yí ọkàn padà, òun gan-an ló wá jókòó tó kọ iṣẹ́ ìyanu ẹni mímọ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí Revolution dé, rògbòdìyàn tó lé ọba Faransé kúrò lórí ìtẹ́, tí wọ́n ń kó wúrà ṣọ́ọ̀ṣì káàkiri Faransé, ṣe làwọn ará abúlé pín ẹrù náà mọ́wọ́, wọ́n tọ́jú ẹ̀ sílé, ìgbà tí ìlú rọlẹ̀ wọ́n kó o padà wá. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí i lónìí.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé nǹkan kan ṣoṣo lẹ máa ráyè wò, ẹ dúró níwájú ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì kẹ́ ẹ gbójú sókè. Ọjọ́ ìdájọ́ ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀, èèyàn 124 ló wà nínú ẹ̀, díẹ̀ nínú ọ̀dà àtijọ́ ṣì wà lára òkúta. Jésù wà láàárín, àwọn olódodo ń bọ̀ lápá ọ̀tún ẹ̀, àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ lápá òsì, ẹnu ẹranko ńlá kan la kalẹ̀ tó ń gbé wọn mì. Ẹ wá ọkùnrin ahun tí wọ́n so rọ̀ tòun ti àpò owó lọ́rùn. Ẹ wá Sainte Foy fúnra ẹ̀, ó kúnlẹ̀, ọwọ́ Ọlọ́run nà sí i, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó dá sílẹ̀ rọ̀ sẹ́yìn ẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wo etí ìta, yíká orí gbogbo ẹ̀, ẹ máa rí àwọn ojú kékeré tó di etí òkúta mú tí wọ́n ń yọjú wo ohun tó ń lọ nínú, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kọjá lọ láì rí wọn. Wọ́n kọ Látìn sísàlẹ̀ ẹ̀ pé ẹ̀yin ẹlẹ́ṣẹ̀, bẹ́ ò bá yí ìwà padà, ẹ mọ̀ pé ìdájọ́ líle ń bọ̀ wá bá yín. Ẹ wá wò ó nírọ̀lẹ́, ìwọ̀ oòrùn ló kọjú sí, ìgbà yẹn ni oòrùn máa ń wọ̀ ọ́ lójú dáadáa.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́, ẹ ò ní bá gíláàsì aláràbarà níbẹ̀. Pierre Soulages, ayàwòrán tí wọ́n bí ní Rodez lọ́dún 1919, ló ṣe fèrèsé 104 tó wà níbẹ̀, wọ́n fi wọ́n sí i lọ́dún 1994, gíláàsì funfun tí kò hàn gbangba, ìlà dúdú gba inú ẹ̀ kọjá, kò sí àwọ̀ kankan nínú ẹ̀ àfi èyí tí oòrùn bá gbé wá, àárọ̀ máa ń fà sí búlúù díẹ̀, ìrọ̀lẹ́ á gbóná sí i. Ọ̀pọ̀ ará abúlé ló bínú nígbà tí wọ́n gbé e dé. Ní tèmi ó bá ilé náà mu ju gíláàsì aláwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé èyíkéyìí lọ, ẹ lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ kẹ́ ẹ fi rí ohun tí mò ń wí.

Saint-Guilhem náà ní ìtàn, ó sì jinlẹ̀. Guillaume, ìbátan ọba Charlemagne, jagunjagun ńlá, ló kọ́ ilé àwọn mọ́ńkì Gellone sínú àfonífojì yẹn lọ́dún 804, tó sì wá da idà sílẹ̀ fún un. Ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ dára, ó ṣókùnkùn, ó tutù nínú ooru. Ohun tó ṣe é ni pé wọ́n ta ilé náà lẹ́yìn Revolution, òkúta àgbàlá ẹ̀ fọ́n káàkiri, George Grey Barnard ará Amẹ́ríkà ra púpọ̀ nínú ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní New York, ẹ lè rí i ní The Cloisters, mùsíọ́ọ̀mù tí Metropolitan Museum ṣí lọ́dún 1938. Ó dùn mí pé àbọ̀ ló kù fún abúlé tó ni ín. Láti 1998 ni UNESCO ti ka àti ṣọ́ọ̀ṣì Conques àti ti Saint-Guilhem mọ́ ọ̀nà Santiago.

Ti Saint-Cirq yàtọ̀, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó ń pe èrò níbẹ̀, ilé àwọn èèyàn ni ìtàn ibẹ̀. 13 nínú ilé náà ni ìjọba ń dáàbò bò, iwájú wọn jẹ́ òkúta àti igi, òkè wọn yọ jáde sí ojú títì. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ igi ló gbé ibẹ̀ láyé àtijọ́, wọ́n ń ṣe ẹnu ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ àgbá wáìnì, ilé ìtajà wọn ló ní ojú gbọ̀ọ̀rọ̀ sí títì tẹ́ ẹ máa rí yẹn. Lọ́dún 1950 ni akéwì André Breton rí abúlé náà, ó ra ilé síbẹ̀, ó ní láti ìgbà yẹn kò wu òun mọ́ kóun wà níbòmíì. Lọ́dún 2012 àwọn ará Faransé dìbò lórí tẹlifíṣọ̀n pé òun làwọn fẹ́ràn jù, láti ìgbà yẹn ni èrò ti ń wọ́ lọ.

Igbó, odò, òkè

Ibí ni Saint-Cirq ti gba ipò kìíní. Abúlé náà wà lórí àpáta tó ga ní bíi mítà 100 sókè odò Lot. Ẹ gun ibi tí ààfin ìdílé Lapopie wà tẹ́lẹ̀, ẹ ó rí odò náà tó ṣẹ́ kọ́rọ́ nísàlẹ̀ pẹ̀lú oko àti igi láàárín ẹ̀. Ṣùgbọ́n rírìn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ rìn. Láti abúlé Bouziès ẹ lè tẹ̀ lé etí odò dé Saint-Cirq, ọ̀nà táwọn tó ń fi okùn fa ọkọ̀ ojú omi ń gbà láyé àtijọ́, ibì kan wà lójú ọ̀nà yẹn tí wọ́n gbẹ́ inú àpáta gan-an kí ẹṣin àti èèyàn lè ráyè kọjá, àpáta bò yín lórí lápá kan, omi wà lápá kejì. Kò le, ọmọdé lè rìn ín, ó sì ní ibòji.

Kò jìnnà síbẹ̀ ni ihò Pech Merle wà ní Cabrerets. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé 20 ọdún ló rí i lọ́dún 1922. Àwòrán ẹṣin alámì tótòtó méjì wà nínú ẹ̀ tó ti tó bíi 29,000 ọdún, ẹnì kan gbé ọwọ́ lé ògiri ó sì fẹ́ àwọ̀ dúdú yí i ká, àmì ọwọ́ náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin dòní. Èyí tó mú kí n máa tẹnu mọ́ ọn ni pé ihò gangan lẹ máa wọ̀, Lascaux tó gbajúmọ̀ jù ú lọ, àwòkọ ẹ̀ ni wọ́n ń fi han èrò. Iye èèyàn tí wọ́n ń gbà lójúmọ́ níye, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú suwẹ́tà dání, inú ibẹ̀ tutù kódà lóṣù kẹjọ.

Saint-Guilhem ni ti ẹni tó fẹ́ wẹ̀. Odò Hérault gba àárín àpáta kọjá nísàlẹ̀, Pont du Diable tí wọ́n kọ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá ṣì dúró lórí ẹ̀, etí omi wà lábẹ́ ẹ̀ tí ìdílé máa ń jókòó sí, omi náà mọ́ gaara. Wọ́n fòfin de fífò láti orí afárá, ẹ má tẹ̀ lé àwọn ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ bá rí tó ń fò. Lẹ́yìn abúlé, ọ̀nà ẹsẹ̀ gba inú Cirque de l'Infernet gòkè, òkúta yí yín ká bíríbírí, òórùn igi páìnì gba afẹ́fẹ́. Nígbà ooru ìjọba lè ti igbó pa lọ́jọ́ tí iná bá lè tètè ràn, ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó jáde. Lẹ́nu ilẹ̀kùn àwọn ará ibẹ̀ ẹ máa rí òdòdó ẹlẹ́gùn-ún ńlá kan tí wọ́n kàn mọ́ igi, cardabelle lorúkọ ẹ̀, bí òjò bá ń bọ̀ á pa dé, bí ojú ọjọ́ bá dáa á là, òun ni wọ́n fi ń mọ ojú ọjọ́. Ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ má já èyí tẹ́ ẹ bá rí lóko, wọ́n ń dáàbò bò ó.

Conques ní igbó tiẹ̀, àwọ̀ ewé ẹ̀ ki ju ti àwọn yòókù lọ, ẹ lè rìn dé Chapelle Sainte-Foy lódìkejì àfonífojì, láti ibẹ̀ lẹ ó ti rí gbogbo abúlé lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ní odò ńlá, kò ní ihò. Ẹni tó jẹ́ pé igbó nìkan ló bá wá, kó má wulẹ̀ jìyà ọ̀nà yẹn.

Tílẹ̀ bá ti ṣú

Conques: àwọn onímọ́tò á ti lọ, àwọn tó kù ni àwọn tó ń rìn lọ Santiago, ó ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n ń rọra sọ̀rọ̀. Àwọn fàdá Prémontré, ẹgbẹ́ àlùfáà Kátólíìkì kan tó ń gbé ibẹ̀, máa ń gbàdúrà pẹ̀lú wọn lálẹ́, lásìkò tí èrò bá ń wá ọ̀kan nínú wọn máa ń jáde wá ṣàlàyé ère òkè ilẹ̀kùn, wọ́n á tún tẹ dùùrù nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Kò di dandan kẹ́ ẹ jẹ́ Kátólíìkì kẹ́ ẹ tó wọlé. Kò sí bọ́ọ̀sì alẹ́ tó lè gbé ẹlòmíì wá, kò sí ìlú ńlá nítòsí, ohun tí mo sọ níṣàájú nìyẹn, ọ̀nà tó jìn ló ń ṣọ́ ibẹ̀.

Saint-Cirq dákẹ́ ju Conques lọ lálẹ́, torí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ gan-an ò tó nǹkan, ìràwọ̀ sì pọ̀ lójú sánmà Quercy, bí wọ́n ṣe ń pe agbègbè yẹn. Àmọ́ ó lè dákẹ́ jù. Láti oṣù kọkànlá títí ìgbà òtútù á fi kọjá, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ àti ìsọ̀ ló máa ń tì, ẹ lè máa wá ibi tẹ́ ẹ máa jẹun. Saint-Guilhem, ẹ yẹra fún wíìkẹ́ǹdì, Montpellier ti sún mọ́ ọn jù, àwọn ará ìlú á ya dé lọ́jọ́ Sátidé bí ojú ọjọ́ bá ti dáa. Ọjọ́ Mọ́ńdè sí Tọ́sídeè ló dáa, kẹ́ ẹ jókòó sábẹ́ igi ńlá tó wà ní Place de la Liberté, igi yẹn ti lé ní 150 ọdún.

Ẹsẹ̀ àti ikùn

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú ìyá tàbí bàbá àgbàlagbà lọ, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Saint-Guilhem ló rọrùn fún orúnkún, ojú ọ̀nà ibẹ̀ máa ń gòkè díẹ̀díẹ̀ ni. Conques le, Saint-Cirq le jù, òkúta ojú títì máa ń yọ̀ tójò bá rọ̀. Bàtà tó di ilẹ̀ mú, kì í ṣe sàǹdá.

Oúnjẹ, Conques ló borí lẹ́nu tèmi, torí aligot, ànàmọ́ tí wọ́n gún pọ̀ mọ́ wàràkàṣì títí tó fi ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, wọ́n á fa á sókè látinú ìkòkò kó tó já. Ti Saint-Cirq ni ẹran pẹ́pẹ́yẹ àti wáìnì Cahors tó dúdú. Ẹ̀yin tẹ́ ò lè jẹun láìsí ata, ẹ mú tiyín dání láti ilé.

Èwo ni kẹ́ ẹ mú?

Alẹ́ kan péré, láìní mọ́tò, láti Montpellier: Saint-Guilhem, láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹbí pẹ̀lú ọmọ nígbà ooru: Saint-Guilhem náà, torí omi. Àwọn tó fẹ́ràn rírìn, yíya àwòrán, ihò àtijọ́: Saint-Cirq, oṣù karùn-ún, ìkẹfà tàbí ìkẹsàn-án, alẹ́ méjì kẹ́ ẹ lè ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún Pech Merle. Ẹni tí ìgbàgbọ́ tàbí ìtàn jẹ lọ́kàn, tàbí tó kàn fẹ́ ibi tí ọkàn ẹ̀ lè balẹ̀: Conques, ó kéré tán alẹ́ méjì, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dé á ti rẹ̀ yín jù.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo ń yàn fún yín tí mi ò mọ̀ yín rí, Conques ni mo máa mú. Tẹ́ ẹ bá ní mọ́tò àti bíi ọjọ́ márùn-ún, ẹ lè so ó pọ̀ mọ́ Saint-Cirq, wíwa mọ́tò láàárín wọn ò ju ìdajì ọjọ́ lọ, ẹ gba Figeac kọjá, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ Saint-Cirq kẹ́ ẹ tó parí ẹ̀ sí Conques. Yàrá Conques ò pọ̀, àwọn tó ń rìn lọ Santiago sì máa ń gba púpọ̀ nínú ẹ̀ láti oṣù kẹrin, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ lórí yàrá kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú.